Ibi Tí Ọmọ Kàwé Dé

Ọ̀sẹ̀ méjì òní ni ilé-ìwé máa wọlé. Òbí tó jẹ́ pé ọlidé lásán ni ọmọ rẹ̀ lò, tó ń padà lọ bá ìjókòó rẹ̀ àtijọ́, ọ̀rọ̀ mi òní lè má kàn án tààrà, àmọ́ kó máa bá wa gbọ́ ọ. Àwọn tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ gan-an ni àwọn tí ọmọ wọn ti jókòó sílé kàwé fún ìgbà pípẹ́. Àìsàn ló dá òmíràn dúró. Owó ilé-ìwé ló ga ju apá bàbá òmíràn lọ, tó wá gba tíṣà sílé. Ìdílé òmíràn kó láti ìlú kan sí ìkejì láàárín táàmù, ọmọ sì wà nílé. Ìyá mìíràn sì wà tó dìídì yọ ọmọ rẹ̀ kúrò nílé-ìwé, tó ní òun lè kọ́ ọ dáadáa jù wọ́n lọ. N kò bá ìyẹn jà. Ọ̀pọ̀ irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ ló ṣe é yanjú.

Ẹ má sì wo àwọn òbí wọ̀nyí bí àlejò, torí gbogbo wa la ti wà nípò wọn rí. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 2020 ni ìjọba Èkó ti ilé-ìwé pa nítorí àrùn kòrónà, àwọn ìpínlẹ̀ yòókù sì ti tiwọn ní sáà kan náà. Nígbà tí ó máa ṣí, kò ṣí fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀yọ́ ló yá ẹsẹ̀: ní ọjọ́ 6 oṣù keje, wọ́n ní kí àwọn ọmọ pírámárì kẹfà, JSS3 àti SS3 padà wá. L'Ékòó, ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ni àwọn SS3 padà, torí WAEC tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù náà. Àwọn ọmọ kéékèèké tó wà nílé-ìwé ìjọba l'Ékòó, ó di oṣù kẹwàá. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé oṣù méje. Kò sì mọ sọ́dọ̀ wa. Àjọ UNESCO ní nígbà tí ọ̀rọ̀ náà le jù, akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé-ìwé tì mọ́ níta káàkiri àgbáyé lé ní bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀.

Ẹ rántí bí ilé ṣe rí nígbà náà? Fóònù kan, ọmọ mẹ́ta. Tíṣà ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, dátà ń tán kí ó tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ dùn. Nílé fésì-mì-àì-fésì-yú, ẹ̀rọ ọlọ́dẹ̀dẹ̀ kejì ń ké, ọmọ ń ka ìwé, ìyá ń gún iyán, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Rédíò wa yìí náà sì di kíláàsì. Ọ̀yọ́ kọ́ ọmọ lórí afẹ́fẹ́, Èkìtì kọ́, Ọ̀ṣun kọ́, Ògùn gbé tirẹ̀ kalẹ̀ tó pè é ní DigiClass. Àwa kọ́ la sì kọ́kọ́ dá a. Nígbà tí àrùn Ebola ti ilé-ìwé pa ní Sierra Leone lọ́dún 2014, orí rédíò ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ láti oṣù kẹwàá ọdún náà, títí ilé-ìwé fi ṣí padà ní oṣù kẹrin ọdún 2015.

Rédíò ló ń bọ́ mi, n kò sì ní bu ọjà mi kù. Ẹ̀kọ́ orí afẹ́fẹ́ wúlò gidi. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò lè ṣe láéláé, kò lè rí ojú ọmọ. Olùkọ́ á ní, “Ṣé ó yé yín?” Á dákẹ́ díẹ̀. Gbogbo ọmọ tó wà nídìí rédíò á dáhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà,” olùkọ́ á sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tí kò yé ti dáhùn pẹ̀lú àwọn tó yé. Nínú kíláàsì, àǹtí á rí èyí tó ń wo òrùlé, á rí èyí tó ń yọjú wo ìwé ẹnì kejì, á sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò tíì wọlé.

Ìyá tó ń kọ́ ọmọ nílé ń rí ojú ọmọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àánú kì í jẹ́ kó rí i dáadáa. Bí ọmọ bá pẹ́ jù lórí ìṣirò kan, ìyá á là á lójú, á sọ ìlàjì ìdáhùn, ọmọ á parí ìyókù, àwọn méjèèjì á sì gbà pé ọmọ ló ṣe é. Ẹ lọ ṣí àwọn ìwé tí àwọn ọmọ fi ṣe iṣẹ́ ránṣẹ́ sí tíṣà lọ́dún 2020. Máàkì kún ibẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Ta ló gba máàkì náà? N kò dárúkọ ẹnì kankan o.

Ohun tí mo fẹ́ sọ láàárọ̀ yìí kò ju ẹyọ kan lọ, ìdí rẹ̀ ni gbogbo ìyókù wà. Kí ọmọ tó ń bọ̀ láti ilé tó jókòó sí kíláàsì, ó yẹ kí àgbàlagbà kan ti mọ ibi tó kàwé dé ní ti òótọ́, kí ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Télọ̀ kì í bi ọmọ léèrè ọjọ́ orí rẹ̀ kó tó rán yúnífọ́ọ̀mù fún un, tépù ló máa ń nà sí i lára. Àwa á ra báàgì tuntun, a ó ra bàtà, a ó gẹ irun, a ó ra ìgò omi tó ń tàn yanran, kò sì ní sí ẹni tó na tépù sí ìwé kíkà ọmọ.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀ rèé. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá ọdún 2005, ilẹ̀ mì tìtì ní àríwá Pakistan, ilé wó, ẹ̀mí ṣòfò lọ súà. Àwọn ilé-ìwé agbègbè náà wà ní títì fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 14. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, àwọn olùwádìí mẹ́ta kan, Tahir Andrabi, Benjamin Daniels àti Jishnu Das, lọ wo bí nǹkan ṣe rí. Àwọn ará ibẹ̀ ti tún ilé wọn kọ́. Àwọn ọmọ ti padà sí kíláàsì tipẹ́. Ẹni tó bá fi ojú lásán wò ó, á ní ọ̀rọ̀ ti tán. Ni wọ́n bá fún àwọn ọmọ ní ìdánwò. Àwọn tó ń gbé nítòsí ibi tí ilẹ̀ ti sán fi nǹkan bí ọdún kan àti ààbọ̀ wà lẹ́yìn àwọn tó ń gbé lọ́nà jíjìn. Ọ̀sẹ̀ 14 ló di ọdún kan àti ààbọ̀ yẹn!

Báwo ló ṣe pọ̀ sí i lẹ́yìn tí ilé-ìwé ti ṣí? Èyí tí àwọn olùwádìí náà fura sí ni pé nígbà tí àwọn ọmọ padà dé, kíláàsì tuntun ni wọ́n gbé wọn sí, ẹ̀kọ́ kíláàsì tuntun yẹn sì ni olùkọ́ gbájú mọ́. Ọmọ tí kò tíì mọ ìsọdipúpọ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìpín. Kò yé e. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n dé ìdá, ìyẹn náà kò yé e, torí orí ìpín ni wọ́n gbé e kà. Ilé-ìwé ò tì mọ́, ọmọ wà níjòókòó lójoojúmọ́, ó ń wọ yúnífọ́ọ̀mù, ó sì ń fà sẹ́yìn.

Ohun kejì tí wọ́n rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ìyá gbọ́. Àwọn ọmọ tí ìyá wọn ti jáde pírámárì, ilẹ̀ tó mì yẹn kò fà wọ́n sẹ́yìn nínú ìdánwò. Pírámárì ni mo wí o. N kò sọ yunifásítì. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé, “Èmi tí n ò kàwé púpọ̀, kí ni mo lè ṣe?” ohun tó lè ṣe kò kéré rárá.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí bí ẹ ṣe máa wọn ọmọ. Ẹ má bi í pé ṣé ó mọ̀wé, torí kò sí ọmọ tí kò ní sọ pé òun mọ̀ ọ́n. Ẹ mú ìwé kíkà kíláàsì tó ń lọ, kó ka ojú ewé kan sókè, kí ẹ jókòó tì í. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá kọsẹ̀ lé, ẹ ká ìka kan. Bí ìka ọwọ́ kan bá pé márààrún kí ojú ewé tó parí, ìwé náà ga jù fún un. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí ti kíláàsì ìsàlẹ̀. Bó bá tún kọsẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ tún sọ̀ kalẹ̀, títí ẹ ó fi dé ibi tó ti ń kà á geere. Ibẹ̀ ló dé. Ẹ má lù ú, ẹ má pòṣé, ẹ má sì pe àbúrò rẹ̀ pé kó wá fi hàn án bí wọ́n ṣe ń kàwé. Bí ẹ bá bú u lẹ́ẹ̀kan péré, kò ní jẹ́ kí ẹ rí ibi tó dé mọ́.

Lẹ́yìn tó bá kà á tán, ẹ ní kó pa ìwé dé, kó fi Yorùbá sọ ohun tó kà fún yín. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ka Gẹ̀ẹ́sì fàà láìmọ ohun tó ń jáde lẹ́nu wọn. Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan á ní Yorùbá ló ń fa ọmọ sẹ́yìn. Ẹ lọ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Mọdákẹ́kẹ́. Lọ́dún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti kíláàsì kẹrin lọ, àwọn ọmọ Yorùbá yìí ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, wọn ò sì kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì náà. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ṣàlàyé ìdá fún ọmọ nílé, ẹ pín iṣu fún un, kí ẹ sì fi èdè tí ẹ fi ń pín iṣu sọ ọ́.

Ní ti ìṣirò, owó ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ẹ fún un ní 2,000 náírà, ẹ ní kó lọ ra búrẹ́dì 1,200, kó sì sọ iye ṣẹ́ńjì tó máa mú bọ̀ kó tó jáde. Bó bá dé, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, 2,000 yọkúrò 1,200, ẹ ní kó ṣe é. Àwọn ọmọ mìíràn á gba ti àkọ́kọ́ pátápátá, ojú wọn á sì dá wáí sórí ti ìkejì. Kò túmọ̀ sí pé òpè ni wọ́n. Ní Recife, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Brazil, àwọn olùwádìí kan lọ bá àwọn ọmọ tó ń ta ọjà lójú pópó, wọ́n ra nǹkan lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń bi wọ́n ní iye owó àti ṣẹ́ńjì. Ìwádìí náà jáde lọ́dún 1985. Nídìí ọjà, àwọn ọmọ náà gba nǹkan bí 98 nínú 100. Nígbà tí wọ́n gbé irú ìṣirò kan náà fún wọn lórí ìwé, 37 nínú 100 ni wọ́n gbà.

Ẹ rò ó wò. Ọmọ tó jókòó ti ìyá rẹ̀ ní ìsọ̀ fún oṣù méje ti kọ́ ìṣirò, olùkọ́ ni kò mọ̀. Bí olùkọ́ bá gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, tó fi bíírò pupa fà á láti orí dé ìdí, ọmọ á gbà pé ohun tóun mọ̀ kì í ṣe ìmọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ fún àǹtí pé, “Ọmọ yìí mọ ṣẹ́ńjì, orí ìwé ni ò tíì mọ̀ ọ́n,” àǹtí á mọ ibi tó máa gbà wọlé. Owó náírà ló máa kọ́kọ́ fi kọ́ ọ, kó tó sọ̀ ọ́ di nọ́ńbà lásán.

Èyí ló mú mi dé ọ̀dọ̀ olùkọ́. Ẹ lọ rí i kí ilé-ìwé tó wọlé, tàbí láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jáde. Ẹ má lọ láàárọ̀ nígbà tó ń to ọmọ sórí ìlà. Ẹ kí i dáadáa. Ẹ rántí pé ọmọ bí àádọ́ta lè wà lọ́rùn rẹ̀, kí ẹ má sì ro ìtàn gígùn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan: ìwé tó kà geere, ibi tó dé nínú ìṣirò, àìsàn tó ṣe é bó bá wà, àti ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí ló máa ń fi èyí pamọ́, wọ́n á ní kí wọ́n má baà fi ọmọ àwọn sí kíláàsì ẹ̀yìn. Oṣù kan lẹ́yìn náà, gbogbo kíláàsì á ti mọ̀, ẹnu àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ ó sì ti gbọ́ ọ, pẹ̀lú orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n fi sọ ọ́.

Wọ́n á bi mí pé, kíláàsì wo ló wá yẹ ẹ́? Tèmi ni pé kó wà pẹ̀lú àwọn ọjọ́ orí rẹ̀ bó bá ti lè ṣeé ṣe, kí wọ́n sì máa wá àyè lójoojúmọ́ láti tún ìpìlẹ̀ rẹ̀ ṣe. Ọmọ tó ga ju gbogbo kíláàsì lọ ní orí àti èjìká kì í pẹ́ sá nílé-ìwé. Ẹgbẹ́ kan ní Íńdíà tó ń jẹ́ Pratham ti fi ọ̀nà kan hàn tí kò gba owó púpọ̀. Fún wákàtí kan tàbí méjì lóòjọ́, wọ́n á tú àwọn ọmọ kíláàsì kẹta sí ìkarùn-ún ká, wọ́n á tún wọn tò ní ìbámu pẹ̀lú ohun tí kálukú wọn lè kà. Àwọn tí kò mọ lẹ́tà wà níbì kan, àwọn tó ń ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà níbì kan, àwọn tó ń ka ìtàn wà níbòmíràn. Bí wákàtí yẹn bá pé, kálukú padà sí kíláàsì rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé tó bá ń gbọ́ mi, ẹ lè ṣe èyí ní táàmù tó ń bọ̀ láìkọ lẹ́tà sí ìjọba. Mo mọ̀ pé sìkíìmù wà, mo mọ̀ pé àwọn alábẹ̀wò máa ń wá wo ibi tí ẹ kọ́ dé. Sìkíìmù tí olùkọ́ nìkan parí, àwọn ọmọ ò tíì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí owó ló dá ọmọ yín dúró, kúkúrú ni tiyín. Òfin UBE ti ọdún 2004 sọ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ pírámárì àti JSS nílé-ìwé ìjọba, ó sì di dandan fún òbí láti rán ọmọ lọ. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú pé ilé-ìwé aládàáni ló ń lọ tẹ́lẹ̀ mú kó jókòó sílé fún ọdún mìíràn.

Lẹ́sìnnì ńkọ́? Àwọn òbí kan ti sanwó rẹ̀ báyìí. Ọmọ á jáde nílé-ìwé ní aago méjì, á wọ lẹ́sìnnì ní aago mẹ́ta, tíṣà mìíràn á tún wá bá a nílé ní aago mẹ́fà. Ọmọ tó ti wà nílé fún ìgbà pípẹ́, ariwo kíláàsì nìkan tó láti mú kó rẹ̀ ẹ́ ní oṣù àkọ́kọ́. Ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá ń ka ìwé tó bá a mu fún ogún ìṣẹ́jú lálaalẹ́, tí ẹnì kan sì jókòó tì í, ó sàn ju kó máa sùn lórí bẹ́ǹṣì lẹ́sìnnì lọ.

Oorun náà ni ká sọ. Àwọn onímọ̀ nípa oorun ní ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun wákàtí 9 sí 12 láàárín ọjọ́ kan. Èyí tó ń gbé l'Ékòó, tó ní láti jí ní aago márùn-ún ààbọ̀ kí ọkọ̀ tó dí, aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́ ló yẹ kó ti sùn, wákàtí 9 náà sì ni ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ nílé, aago mọ́kànlá ló ń sùn, fíìmù àwọn àgbà ni wọ́n jọ ń wò. Ẹ má dúró di alẹ́ ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú kí ẹ tó pa tẹlifíṣọ̀n. Láti alẹ́ òní, ẹ máa fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yọ nínú rẹ̀, títí tí yóò fi bọ́ sójú ọ̀nà.

Ohun kan wà tí àwọn òbí kì í fẹ́ sọ lórí rédíò, èmi á sọ ọ́. Ọmọ tó ti mọ́ lára láti lo ilé ìyàgbẹ́ inú ilé, bó bá dé ọ̀dọ̀ ṣáláńgá ilé-ìwé, ó lè má wọ ibẹ̀ rárá. Á mú un mọ́ra láti àárọ̀ di ọ̀sán. Kò ní mu omi, kó má baà tọ̀. Inú á máa run ún, orí á máa fọ́ ọ, ẹ ó sì máa ra oògùn ibà. Ẹ bá a lọ wo ibẹ̀ kí ilé-ìwé tó wọlé. Ẹ fi páálí tísù sínú báàgì rẹ̀, ẹ sọ fún àǹtí pé bó bá nawọ́, kí wọ́n jẹ́ kó lọ.

Inú rírun ti alẹ́ Àìkú yàtọ̀ sí ìyẹn. Ẹ̀rù ni, àmọ́ inú ń run ọmọ náà ní ti gidi, irọ́ kọ́ ló ń pa. Ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan kí ọkàn yín balẹ̀. Bí dókítà bá ní kò sí nǹkan kan, ẹ wádìí ohun tó ń sá fún: ṣé pàṣán olùkọ́ ni, ṣé ọmọ ńlá kan tó ń gba oúnjẹ rẹ̀ ni, àbí pé wọ́n máa ń ní kó dìde kàwé níwájú gbogbo kíláàsì? Ẹ yanjú ìyẹn pẹ̀lú ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá fi wà nílé nítorí ẹ̀rù, ńṣe ló ń mú kí ti ọ̀la le sí i.

Fún àwọn kéékèèké tó ń sunkún lẹ́nu géètì: ẹ má yọ́ lọ lẹ́yìn wọn. Mo mọ̀ pé ó máa ń wù wá. Bó bá bojú wẹ̀yìn tí kò rí ìyá, lọ́jọ́ kejì kò ní jẹ́ kí ẹ já ọwọ́ rẹ̀. Ẹ dágbére kúkúrú, ẹ sọ àsìkò tó máa yé e, pé, “Bí ẹ bá jẹun ọ̀sán tán, tí ẹ sì kọrin ìdágbére, mo ti dé.” Kí ẹ sì dé lásìkò yẹn o. Fún àwọn tó dàgbà díẹ̀, ẹ wá ọmọ kíláàsì kan, ẹ pè é wá sílé kó wá bá a ṣeré kí ọjọ́ náà tó dé. Ẹnì kan tó. Ọmọ tó mọ ẹni tóun máa jókòó tì ti ní ìdí kan láti lọ.

Ìṣòro kan wà tí ìyá tó kọ́ ọmọ rẹ̀ dáadáa nílé máa ń bá pàdé, ó sì máa ń dun èmi gan-an. Ọmọ náà ti mọ́ lára láti béèrè. “Mọ́mì, kí ló dé tí òṣùpá fi ń tẹ̀ lé wa?” Ìyá á dáhùn lójú ẹsẹ̀, tàbí kí wọ́n jọ wá a. Ó dé kíláàsì, ó nawọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, wọn ò pè é. Ní ìkarùn-ún, wọ́n ní kó gbé ẹnu dákẹ́, ó ti fẹ́ràn ariwo jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò béèrè nǹkan kan mọ́. Ẹ fún un ní ìwé kékeré kan kó máa kọ ìbéèrè tí kò ráyè béèrè síbẹ̀, kí ẹ sì wá àkókò lálẹ́ láti bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kó béèrè ọ̀kan lóòjọ́.

Àwọn tó ti bàlágà ni tiwọn le jù. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ́ iṣẹ́ kan nígbà tó wà nílé, tó ti ń rí owó rẹ̀ lọ́wọ́, kì í fẹ́ padà lọ jókòó níwájú ẹni tó ń ní kó kúnlẹ̀. Ẹ má bú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa ṣe é ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Kí ó ṣe WAEC tán, kò ní ba iṣẹ́ náà jẹ́.

Ọ̀dọ́mọbìnrin tó lóyún ńkọ́? Lẹ́yìn Ebola, ìjọba Sierra Leone fi òfin de àwọn ọmọbìnrin tí oyún wọn ti hàn, wọn ò gbọdọ̀ bá àwọn yòókù wọ kíláàsì. Láti ọdún 2015 ni, ó wà bẹ́ẹ̀ títí ilé-ẹjọ́ ECOWAS fi dá a lẹ́bi ní oṣù kejìlá ọdún 2019, tí ìjọba sì fagi lé e ní oṣù kẹta ọdún 2020. Nǹkan bí ọdún márùn-ún ni àwọn ọmọ náà fi wà lẹ́yìn géètì. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò tilẹ̀ gba òfin, bàbá nìkan ló máa sọ pé òun ò náwó lé e mọ́. Bàbá tó ń gbọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà gbé ọmọ tuntun náà, kí ọmọ tiyín padà sí SS2. Bí ilé-ìwé tó wà ládùúgbò bá ń wò ó tìka-tẹ̀gbin, ẹ mú un lọ sí òmíràn. Bí wọ́n bá sì ní àwọn ò gbà á rárá, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé fún yín.

Aago ti ń lù mí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ní àsìkò yìí, ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì á wà pẹ̀lú mi láti dáhùn ìbéèrè yín lórí kíláàsì tó yẹ ọmọ. Ẹ fi ìbéèrè ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́bọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ orí ọmọ síbẹ̀, ìgbà tó ti wà nílé, àti ìwé tó kà geere nígbà tí ẹ ka ìka fún un. Èyí tí kò bá sí ìwé nínú rẹ̀, a máa dá a padà ni o. Ó dìgbà kan ná.